Ọkọ́ wo lo fẹ́ gbé lọ sí ọ̀wẹ̀?

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kọ́ nípa ìṣirò ní ọdún kẹta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wá bá mi ní ilé wa ní Ìrẹ̀mọ, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ó kí mi tán, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá màmá mi sọ̀rọ̀.” Ó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni nílẹ̀ òkèèrè lásìkò ìsinmi, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí, ẹni tó fẹ́ bá a ṣètò rẹ̀ sì ti ní kí ó san owó ńlá sílẹ̀. Ó fi ìwé tó kọ gbogbo ohun tí yóò rà sí hàn mí: báàgì, bàtà, ẹ̀wù òtútù, páwà báǹkì. N kò rí ibì kankan nínú ìwé náà tó kọ ohun tí yóò ṣe bí ó bá débẹ̀ sí.

Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìmúrasílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń pèsè oúnjẹ, ẹni tí a bẹ̀ ló ń gbé ọkọ́ tirẹ̀ dání, kò sì sí ẹni tó ń retí owó. Àmọ́ olóko ló ń sọ ibi tí wọ́n máa ro, ẹni tí kò bá sì mọ ebè í kọ, omi ni wọ́n máa ń ní kó lọ pọn. Kò burú, omi náà wúlò, ṣùgbọ́n a kì í ti ọ̀nà jíjìn wá pọn ọ́n.

Ìjọba orílẹ̀-èdè wa pàápàá mọ èyí. Láti ọdún 1987 tí wọ́n ti dá Technical Aid Corps sílẹ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti irú wọn ni Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ fún ọdún méjì sí àwọn orílẹ̀-èdè tó béèrè fún wọn ní Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì.

Ọ̀rọ̀ ilé ọmọ aláìlóbìí ló bà mí lẹ́rù jù. Ní Cambodia àti Nepal, wọ́n ti rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni bàbá tàbí ìyá wọn ṣì wà láàyè. Wọ́n kó wọn kúrò nílé nítorí pé àlejò tó bá wá wò wọ́n máa ń mú owó dání. Ọmọ tí ẹni tuntun ń gbé mọ́ra ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí onítọ̀hún sì ń bá tirẹ̀ lọ, ta ni kí ó fara mọ́ nínú wọn? Mo bi í pé bí àlejò kan láti Jámánì bá wọ Ifẹ̀ lónìí, tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ǹjẹ́ màmá rẹ̀ yóò fi àbúrò rẹ̀ lé e lọ́wọ́? Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.

Mo wá dárúkọ Kétu fún un, pé ó lè lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin ni Kétu wà lónìí, ṣùgbọ́n ìtàn so Alákétu pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀, bó tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Bí ó bá fẹ́ ra ẹ̀kọ lọ́jà, Yorùbá yóò tó. Ṣùgbọ́n Faransé ni èdè kíláàsì, nítorí náà ẹni tó mọ ìṣirò dáadáa, tí kò lè fi Faransé ṣàlàyé ìdajì àti ìdá mẹ́rin, omi náà ni yóò pọn. Kí ó kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́fà kọ́ Faransé. Àwọn tó ń kọ́ni ní èdè náà wà nínú ọgbà yunifásítì rẹ̀.

Ti ìwé kò le púpọ̀. Àdéhùn ọdún 1979 ti ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún wa láàyè láti lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ni kò gbọdọ̀ fi ṣeré: ó kéré tán, kí ó gbà á ní ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìn-àjò. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà, sílé rí, mo sì fi odidi ọ̀sán kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ẹnubodè, tí mò ń wo àwọn tó mú tiwọn dání bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Kò tíì gba ìmọ̀ràn mi tán. Ó ní Kétu sún mọ́lé jù, pé bí òun bá ya fọ́tò níbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ òun yóò rò pé Òkè-Igbó ni òun lọ. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, ó kó àwọn ọmọ kan jọ ní àdúgbò Ìlárè láti kọ́ wọn ní ìṣirò. Ìgbà tó dé, ó ní odidi wákàtí kan ni òun fi ṣàlàyé ìdá mẹ́rin, kò sì yé ẹnì kan nínú wọn. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ọsàn ló ní òun yóò gé.