Òṣó Orí Ímeèlì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Obòkun. Ẹ sún díẹ̀ fún mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kíà, títọ́jú arúgbó àti aláìsàn nílùú ọba, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ìdúró inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti tó.

Láti Ìsọ̀kùn títí dé ọjà Atakúmọ̀sà, agbo ilé wo ni kò ní ọmọ kan tó ń ṣe kíà nílùú ọba? Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní ẹ̀ka ìlera làwọn wà. Wọn ò purọ́. Ẹni tó ń ta ọsàn lẹ́nu géètì ọsibítù Wesley Guild náà, ẹ̀ka ìlera ló jókòó sí. Màmá Báyọ̀, ẹ má wò mí báyẹn, n ò dárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń rò pé ẹ máa ra ìwé físà iṣẹ́ kíà láti Iléṣà níbí, ẹ tọ́jú owó yín. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa ní 22 July 2025. Ẹni tó bá ní òun ṣì ní ọ̀kan fún títà, ẹ bi í kí ló dé tí ọmọ tirẹ̀ ṣì wà nílé. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo ń bá wí, àti àwọn tó bá ọkọ tàbí aya lọ, àti àwọn tó lọ kàwé, tí ààlà tiwọn jẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ.

Wọn kì í sọ ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n gbígbé arúgbó kọ́ ló ń dá wọn lágara. Ẹnu máníjà ni. Ọ̀gá tiwa níbí, bó bá bínú, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Á bú ọ, á bú ẹni tó mú ọ wá síṣẹ́, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ní kí o wá jẹ iyán. Máníjà oyìnbó kì í pariwo. Ẹ̀rín ló ń rín. Bó bá ní, "Ṣé mo lè bá ọ sọ ọ̀rọ̀ ráńpẹ́?", jẹ́ kí àyà rẹ já. Ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ yẹn ti lóyún ìwé sínú, wọ́n á sì ní kí o fọwọ́ sí i. Má fọwọ́ sí ohun tí o ò tíì kà tán, kí o sì gba ẹ̀dà tìrẹ kí o tó dìde. Bó bá ní, "Mo kàn ní kí n béèrè àlàáfíà rẹ ni," o ti ṣàìsàn ọjọ́ méjì nìyẹn, ọjọ́ tí o máa padà ló ń béèrè. Bó bá wá ní, "Ẹbí kan ni gbogbo wa níbí," ẹnìkan ò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday nìyẹn, ìwọ ni wọ́n sì ń wò lójú. Ẹbí tiwa náà ń ránni níṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, àbí? Ṣùgbọ́n ẹbí tiwa á gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀.

Ìkíni náà ní ewu tirẹ̀. Màmá ẹni ọdún 92 á ní kí o pe òun ní Margaret. Ẹnu Ìjẹ̀ṣà á kọ̀ ọ́, orúnkún á sì fẹ́ lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí o bá kúnlẹ̀ kí i níwájú máníjà, wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù jàǹbá jáde, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí rota, ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ àti aago, torí ibẹ̀ ni owó ti ń sọnù. Ẹ gbé ti àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé yẹ̀ wò. Ilé àkọ́kọ́, aago 7:00 sí 7:30 òwúrọ̀. Ilé kejì, 7:30 sí 8:00. Ogún ìṣẹ́jú ló wà láàárín wọn nínú mọ́tò. Lórí rota, o ti dé kí o tó kúrò. Àjẹ́ nìkan là ń gbọ́ pé ó ń rin irú ìrìn yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bi àjẹ́ pé kí ló dé tó fi pẹ́. Wọ́n á bi ìwọ, torí ohun tí o fi fóònù tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti kọ ìṣẹ́jú tí o wọlé sílẹ̀.

Ká ní ilé 12 ni lójúmọ́, ìdajì wákàtí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 6 ni wọ́n á sanwó fún. Láti April 2025 sí March 2026, owó tó kéré jù lọ fún ẹni ọdún 21 sókè jẹ́ £12.21 ní wákàtí; bí a bá fi ìyẹn ṣírò, £73.26 lo gbà. Ó dáa. Ìrìn 11 ló wà láàárín ilé 12, ogún ìṣẹ́jú lọ́nà kan, ìyẹn jẹ́ wákàtí mẹ́ta àti 40 ìṣẹ́jú. Òfin wọn sì ti kà á pé ìrìn láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan sí èkejì jẹ́ ara iṣẹ́ bí wọ́n bá ń ṣírò owó tó kéré jù lọ yẹn. Pín £73.26 sí wákàtí 9 àti 40 ìṣẹ́jú, á di nǹkan bíi £7.58. Gbèsè wà nílẹ̀ nìyẹn! Ẹ ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu máníjà. Ìrìn 11 náà ò sí lórí payslip, bí ẹni pé o fò ni.

Ta ló wá mọ gbèsè gbà ju Ìjẹ̀ṣà lọ? Àwọn bàbá wa gbé aṣọ lọ sílùú onílùú, wọ́n tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ pé wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gba owó mi. Ìdí tí wọ́n fi ń pè wá ní Òṣómàálò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá lóṣòó sí ọ́fíìsì máníjà lọ́hùn-ún, á kọ́kọ́ pe ẹni tó máa yẹ orúnkún rẹ wò, lẹ́yìn náà á pe ọlọ́pàá. Ímeèlì ni òṣó ibẹ̀.

Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ó dáa náà, mú iná tìrẹ láti ilé: ìwé kékeré kan àti bírò méjì, torí ẹnìkan á yá ọ̀kan. Lójoojúmọ́, kọ aago tí o wọ ilé kọ̀ọ̀kan, aago tí o jáde, àti iye máìlì. Níparí oṣù, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ payslip. Bí kò bá bára mu, kọ̀wé sí àwọn tó ń sanwó, kí máníjà rí ẹ̀dà: ọjọ́ báyìí, wákàtí báyìí, iye tó kù báyìí, mo ń retí ìdáhùn láàárín ọjọ́ 7. Ó tán. Má ṣàdúrà fún wọn. Má kọ ọ́ pé o mọ̀ pé Ọlọ́run á san án fún wọn. Payroll ni o fẹ́ kó san án. Má sì gbé e sórí WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́. Máníjà á lẹ ọkàn pupa kékeré mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, kọ ìwé ẹ̀sùn gẹ́gẹ́ bí ìlànà ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà pe Acas, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí aáwọ̀ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Má sì jókòó lé e títí ọdún á fi yí, torí gbèdéke wà fún ẹjọ́ owó iṣẹ́.

Nígbà tí òṣó bá ń gún un lójú, máníjà lè ní òun máa fagi lé físà rẹ. Kò lágbára ẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ fún Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 pé o ò sí lọ́dọ̀ òun mọ́. Home Office ló ń kọ̀wé, ọjọ́ 60 ni ìwé náà sábà máa ń fún ọ láti rí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ní láísẹ́ǹsì láti gba oní-físà. Ọjọ́ 60 ò jìnnà o. Nítorí náà wá ibòmíràn ná kí o tó bínú.

Ìwé kíkọ inú iṣẹ́ náà ò yàtọ̀. "Ó jẹun díẹ̀" kì í ṣe àkọsílẹ̀. "Ó jẹ ìdajì àwo ọ̀dùnkún, ó mu tíì 150 ml, aago 12:40," òun ni wọ́n ń fẹ́. Lórí MAR chart, ìwé àkọsílẹ̀ oògùn oníbàárà, fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó bá gbé oògùn mì, má ṣe é ṣáájú. Àpótí tó bá ṣófo, wọ́n á kà á sí pé o ò fún un. Bó bá kọ̀, kọ àmì tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà fún kíkọ̀. Bí o bá ṣi kọ, fa ìlà kan ṣoṣo kọjá, má fi ọ̀dà funfun bò ó, ẹni tó ń bò ó ni wọ́n máa ń fura sí.

Àtẹ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Bristol Stool Chart, irú ìgbẹ́ 7. Èkíní, kóró-kóró bíi ti ewúrẹ́: inú ti dè, wá omi fún un. Ẹ̀kẹrin, ó gùn, ó jọ̀lọ̀: òun ni gbogbo wọn ń gbàdúrà fún. Èkeje, ògì ni: wọ ìbọ̀wọ́ àti épúróònì, kọ iye ìgbà, sọ fún nọ́ọ̀sì kíá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ láti máa sọ pé òun ń lọ ẹ̀yìnkùlé, ẹ wò ó lówùúrọ̀ níwájú èèyàn mẹ́jọ tí wọ́n ń bi í: "Nọ́ńbà mélòó ni ti yàrá 6?"

Ti hoist, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹni tí kò lè dìde, ò gùn. Èèyàn méjì ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú ìwé ìtọ́jú oníbàárà náà. Bí ó bá jẹ́ méjì, tí máníjà ní èkejì ń bọ̀ lọ́nà, dúró dè é. Wo sling, aṣọ tí ẹ̀rọ náà fi ń gbé e, bóyá ó bá ara ẹni náà mu, àwọ̀ okùn ọ̀tún àti tòsì gbọ́dọ̀ bára mu, ti bíréèkì kẹ̀kẹ́ arọ pa. Bó bá já bọ́, orúkọ máníjà ò ní sí nínú ìròyìn náà.

CQC, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ní England, lè yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn lẹ máa kọ́kọ́ rí máníjà nínú épúróònì, ìlà tí wọ́n fi ká a ò tíì nà tán. Bí wọ́n bá bi ọ́, òótọ́ ni kí o sọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹni tó ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ lórí £12.21 ti 2025 yẹn, £2,116 ni lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí, National Insurance àti pension. Ohun tó kù jẹ́ bíi £1,740, onílé sì ti lóṣòó dè é. Ẹ dákun, ẹ má pè é ní aago 9 òwúrọ̀, shift alẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́.

Ní 2020, nígbà Kòrónà, wọ́n ń jáde sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ aago 8 alẹ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún òṣìṣẹ́ ìlera. Ọ̀sẹ̀ 10. Nílẹ̀ wa, àtẹ́wọ́ ló ń ṣáájú owó níná. Lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó lẹ kọ́bọ̀ mọ́ wọn níwájú orí. Pizza ló kù. Aago 2 ọ̀sán ni máníjà ń kéde rẹ̀: "Ó wà ní yàrá ìsinmi, ẹ ṣeun, ẹbí mi." Aago 8 alẹ́ ni àwọn shift alẹ́ ń dé. Páálí ni wọ́n ń bá níbẹ̀, àwọn náà ló sì máa gbé e lọ dànù, torí ó wà lórí rota pé shift alẹ́ ló ń da ilẹ̀.