Èsì wa fún oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ kan lórí Honda tí a mú wálẹ̀

Ọ̀gá wa, ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. A ti kà á. Àwọn tó fẹ́ gbé ọkọ̀ wá lọ́dọ̀ wa náà á ti kà á, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fèsì ní gbangba níbí.

Ohun tí ẹ kọ ni pé a ba ọkọ̀ yín jẹ́ ní Àpò, ní Àbújá níbí, pé táyà ẹ̀yìn méjèèjì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti jẹ tán kí oṣù méjì tó pé, pé ọkọ̀ ń ha bọ́ǹpù, àti pé ọmọ iṣẹ́ wa rí yín fín. Ẹ ò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀ lọ àti ọjọ́ tí ẹ gbé e padà wá. Èmi á bá yín kọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé, 14 oṣù Kejì, ni ẹ gbé Accord 2004 yín wá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní End of Discussion. Ẹ ní kí á mú un wálẹ̀ ní ínṣì méjì, kí ara rẹ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀. Mo bi yín bóyá ọkọ̀ tí ẹ ń gbé jáde lójoojúmọ́ ni. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, láti Lugbe lọ sí Central Area. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí á fi mọ ní ínṣì kan, nítorí bọ́ǹpù inú ẹ́sítéètì. Ẹ ní ẹ ti rí ti ọ̀rẹ́ yín, méjì gan-an ni ẹ fẹ́. Ẹ̀yin lẹ lọkọ̀. A fi sípíríìnì tuntun tí wọ́n ṣe fún Accord sí i. A kì í gé sípíríìnì níbí o. Àwọn kan wà tó ń gé ti inú ọkọ̀, tí wọ́n á sì gbowó iṣẹ́. Sípíríìnì tí wọ́n gé kì í jókòó dáadáa mọ́, bí ọkọ̀ bá já sí kòtò ó lè yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Àwọn bóòtù tó di bọ́ṣì mú, ìyẹn oríkèé onírọ́bà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ńkọ́? Ìgbà tí ọkọ̀ ti fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀ ni a tó fún wọn pa. Ẹni tó bá fún un pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì, rọ́bà inú bọ́ṣì á máa lọ́ ní gbogbo ìgbà ni, kò sì ní pẹ́ ya.

Bí Accord yìí bá wálẹ̀, orí táyà ẹ̀yìn á tẹ̀ sínú, torí áàmù òkè, ìyẹn irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ìdí ọkọ̀, kúrú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Camber nìyẹn. Ìwé tó jáde lọ́jọ́ náà lára ẹ̀rọ alignment, ẹ̀rọ tó ń wo bí táyà ṣe dúró, fi hàn pé apá òsì tẹ̀ ní dígírì 2.4, ọ̀tún ní 2.2. Toe, ìyẹn bóyá imú táyà kọjú síwájú gan-an tàbí ó yà sínú tàbí síta, la tún ṣe títí tó fi di àwọ̀ ewé lójú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni pé ó ti gún. Toe nìkan ni Honda fi bóòtù sí fún lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé orí táyà náà dìde á ra áàmù òkè tó ṣeé fà. Ìyàwó mi, tó ń kọ ìwé owó, kọ ọ́ sí rìsíìtì yín: "Áàmù ẹ̀yìn kù. Kí ọkọ̀ padà wá fún alignment lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì," torí sípíríìnì tuntun máa ń wálẹ̀ díẹ̀ sí i tó bá ti rìn. Ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ ní tí oṣù bá parí ẹ máa ra áàmù.

Oṣù parí, a pè yín. Nínú oṣù Kẹta, ìyàwó mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ kà á, ẹ ò fèsì. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, lẹ́yìn tí ẹ ti kó ẹbí àti ẹrù gba Lọ́kọ́jà lọ sílé fún Àjíǹde tí ẹ sì ti dé, la tó fojú kàn yín.

Àwòrán tí ẹ gbé síbí, wáyà ti yọ létí inú táyà. Ó dun èmi náà, owó kékeré kọ́ ni táyà báyìí. Àmọ́ ẹ rántí ohun tí mo ṣe lójú yín níbi tí ojú táyà ṣì kù. Mo ní kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rà á láti ìta wọ inú, kí ẹ tún rà á láti inú bọ̀ síta. Ọ̀nà kan dán, èkejì ń ha yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn. Bó bá jẹ́ pé camber nìkan ló jẹ ẹ́, ọ̀nà méjèèjì ni ì bá dán. Toe ló ń ṣe irú yẹn.

Ta ló wá yí toe? Gbogbo ọkọ̀ tó bá kúrò níbí, a máa ń fa ìlà ọ̀dà funfun láti orí bóòtù toe dé ara áàmù. Nígbà tí tiyín padà wá, ìlà orí bóòtù àti ti ara áàmù kò bá ara wọn mu mọ́, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Bóòtù tí a fún pa kì í fúnra rẹ̀ yí lápá méjèèjì. Ìgbà yẹn lẹ tó ní ẹnì kan bá yín "wò ó díẹ̀" lójú ọ̀nà torí sítíárìn wọ́. A gbé e sórí ẹ̀rọ, toe ẹ̀yìn pupa kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀ alignment kí á tó kan iwájú, torí ibi tí táyà ẹ̀yìn bá kọjú sí ni ọkọ̀ máa ń fẹ́ lọ. Èèyàn márùn-ún àti búùtù tó kún tún wá tẹ ìdí ọkọ̀ náà sílẹ̀ sí i. Kò lè ṣàì ha bọ́ǹpù.

Ní ti ọmọ iṣẹ́ mi: ọmọ Zàríà ni, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́ títí ó fi gba fírídọ̀mù, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tí mo bí ní Àbújá yìí lọ. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má bínú sà, mi ò lè fọwọ́ kan bóòtù yìí kí ọ̀gá tó dé wò ó." Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, màá bá a wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Corolla 2003 sí 2008 tẹ́ ẹ ń kà á, ìdí tiyín jẹ́ irin kan ṣoṣo tó so táyà méjèèjì pọ̀, kò ní bóòtù kankan tí èèyàn lè yí fún camber tàbí toe. Ká tó gbowó la máa ń sọ ọ́.

Ọ̀gá wa, sípíríìnì àtijọ́ yín ṣì wà lọ́dọ̀ wa nínú ọ̀rá. Bí ẹ bá fẹ́, a ó dá wọn padà sí i láìgba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá sì ra áàmù, a ó bá yín fi sí i lọ́fẹ̀ẹ́, a ó ṣe alignment ọjọ́ náà àti ti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó táyà ni a ò ní san. Ẹni tó yí bóòtù ni kí ẹ lọ bá. Bó bá ní ìwé tó jáde lára ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ gbé e síbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa kí gbogbo èèyàn rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú rìsíìtì tí ẹ fọwọ́ sí yẹn dání tí ẹ bá ń bọ̀.