Ó yẹ kí ẹ̀ẹ̀rù àti ariwó wọ inú ìgò

Ní ìsọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà ní ọjà Bódè n'Íbàdàn, oníbàárà tó mọ ọjà kì í ra ẹ̀ẹ̀rù láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹyọ kan, kó gbé e símú. Èyí tí òórùn rẹ̀ bá lọ sókè imú lójú ẹsẹ̀ ló máa sanwó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rù yìí, àti ariwó àti ìyèré tí a mọ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ àti nínú àgbo ìyá ìkókó, kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbìn. Inú igbó la ti ń ká wọn, igbó náà sì ń tán lọ. Igi ẹ̀ẹ̀rù ga, ó tọ́, ó dára fún òpó, nítorí náà ẹni tó ń wá igi kíkọ́lé àti ẹni tó ń wá èso jọ ń dojú àáké kọ ọ́ ni. Bí igi bá sì ga ju èyí tó ṣeé gùn lọ, àwọn kan á kúkú bẹ́ ẹ lulẹ̀ nítorí èso ọdún kan ṣoṣo.

Èrò tiwa ni pé ó tó àkókò kí ìjọba fi owó gidi sí títọ́ àwọn igi olóòórùn wọ̀nyí nínú ìgò ní yàrá ìwádìí, kí wọ́n sì máa ṣe kóró àtọwọ́dá wọn, ìyẹn ọ̀mùnú tí a fi ohun kíki bò bíi kóró. Ìmọ̀ náà kì í ṣe àjèjì n'Íbàdàn. Iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1967, ń tọ́jú ẹ̀gẹ́ àti iṣu sínú ìgò. Àjọ NACGRAB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1987 ní Moor Plantation, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti má ṣe jẹ́ kí irú-ọmọ ọ̀gbìn orílẹ̀-èdè yìí parun. Kí igi igbó náà wá rí àyè lórí pẹpẹ tí ẹ̀gẹ́ àti iṣu wà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á gé orí ọ̀mùnú tó kéré ju èékánná lọ, wọ́n á fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ kí kòkòrò àìfojúrí má bàa bá a wọlé, wọ́n á sì gbé e lé oúnjẹ tó dì bí ẹ̀kọ nínú ìgò. Nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 25 Celsius lọ, tí iná ń tàn fún wákàtí 16 lójúmọ́, ọ̀mùnú kan á di púpọ̀. Bí ó bá kan kóró àtọwọ́dá, wọ́n á ki ọ̀mùnú náà bọ inú sodium alginate, ohun kíki tí wọ́n ń rí lára koríko òkun, wọ́n á wá máa kán an lẹ́yọ lẹ́yọ sínú omi tí wọ́n po calcium chloride, irú iyọ̀ kan, sí. Bó ṣe ń bọ́ sínú omi ni awọ rẹ̀ ń dì. Kó tó tó wákàtí kan, ó ti di ìlẹ̀kẹ̀ rírọ̀ tí èèyàn ń rí ọ̀mùnú tútù nínú rẹ̀. Èyí ṣeé kó sínú fíríìjì fún ìgbà díẹ̀, ó sì ṣeé fi ránṣẹ́ láti ìlú kan sí òmíràn. Ẹ̀ẹ̀rù gbígbẹ tí a ń rà lọ́jà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tí iná ti yá kò ní hù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ṣì tútù pàápàá máa ń pẹ́ nílẹ̀ kó tó yọjú.

A kò sọ pé ó rọrùn. Igi olóòórùn a máa ṣe agídí nínú ìgò: bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, omi ara rẹ̀ á dúdú, á sì ba oúnjẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Iná mànàmáná tún wà ńbẹ̀, èyí tí a kò níí fi gbogbo ojú ìwé yìí sọ. Yàrá ìwádìí tí kò bá ní sólà tó dá dúró, ẹ má wulẹ̀ kọ́ ọ.

Àwọn àgbà oníṣègùn kan ń bẹ̀rù pé ewé inú ìgò kò níí lágbára bíi ti igbó. Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ máa ń yí òórùn igi padà. Kí wọ́n gbìn ín sílẹ̀, kí wọ́n yẹ òróró ara rẹ̀ wò, kí àwọn àgbà náà sì wà níbẹ̀ láti gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó kọ wá lóminú jù ni pé kí wọ́n má lọ mú ọ̀mùnú lára igi kan ṣoṣo. Gbogbo ọmọ rẹ̀ á dà bí ìbejì, àrùn kan ṣoṣo sì lè pa wọ́n tán lọ́jọ́ kan. Kí wọ́n mú ti Ìjẹ̀bú, kí wọ́n mú ti Oǹdó, kí wọ́n mú ti Èkìtì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìgò ṣe àwáwí láti pa igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn run. Etí igbó yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ igi náà lọ, kí wọ́n pín wọn fún àwọn àgbẹ̀ kòkó tó wà níbẹ̀, kí àwọn lẹ́kùlẹ́jà sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n á ti máa ra èso láìjẹ́ pé wọ́n bẹ́ igi.

Ìsúná ọdún tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé iwájú àwọn aṣòfin. A ó ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, a ó sì wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ẹ̀rù síbì kankan.