Oṣù mẹ́ta ní Bali: físà wo ni kí n gbà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Òtútù ibí yìí ti sú mi pátápátá, mo fẹ́ lọ lo oṣù mẹ́ta ní Bali ní Indonesia, láti ìbẹ̀rẹ̀ January títí March á fi parí. Pasipọ́ọ̀tù ìlú ọba ni mo ní. Màá máa fi lápútọ́ọ̀pù ṣe iṣẹ́ mi láti ibẹ̀, ọ̀gá mi ti gbà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má da ara mi láàmú, pé físà tí wọ́n ń gbà ní ẹ́pọ́ọ̀tù ti tó. Ṣé lóòótọ́ ni?

Bọ̀dá Lápútọ́ọ̀pù: Ó tó jàre. Rupiah 500,000, owó tiwọn, ni, ọjọ́ 30 ni wọ́n máa fún ẹ, o tiẹ̀ lè sanwó ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kóo tó kúrò nílé. Tó bá kù díẹ̀ kó pé, wọ́n á fi 30 míì kún un. Tí 60 bá wá fẹ́ pé, o wọ báálù lọ Singapore, o jẹun ọ̀sán, o padà wá gba tuntun. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkankan.

Ìyá Ìbejì Peckham: Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ ò ní pa wá. Owó báálù àlọ àtàbọ̀ Singapore ńkọ́? Ìyẹn nìkan ti ju owó físà gidi lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú, físà àbẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní C1 ni kóo gbà. Òun ni wọ́n ń pè ní B211A tẹ́lẹ̀, àwọn ẹ́jẹ́ǹtì míì ṣì ń fi orúkọ àtijọ́ yẹn pè é títí dòní tó ń da èèyàn lórí rú. Ọjọ́ 60 ló máa kọ́kọ́ fún ẹ, wọ́n sì lè fi 60 kún un lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ẹ̀ di 180. Oṣù mẹ́ta tìẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa fi kún un, kò sí pé ò ń sáré lọ Singapore bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Agbẹjọ́rò Aláìníwíìgì: Ẹ dúró ná. Gbogbo yín ń ka ọjọ́, ẹnikẹ́ni ò bèèrè ohun tó ń lọ ṣe. Ó ní òun máa ṣiṣẹ́ o. Físà ẹ́pọ́ọ̀tù àti C1, ti ẹni tó ń ṣeré lọ làwọn méjèèjì. Físà ẹni tó ń fi lápútọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkèèrè wà lọ́tọ̀, E33G lorúkọ ẹ̀, ọdún kan ni.

Bọ̀dá Lápútọ́ọ̀pù: Iṣẹ́ wo? Ṣé ó fẹ́ lọ máa ta sate, súyà tiwọn, létí òkun ni? Ímeèlì ló fẹ́ dáhùn! Ẹ lọ wo Canggu ní Bali láàárọ̀, ilé kọfí tẹ́ ẹ bá wọ̀, lápútọ́ọ̀pù ló kún gbogbo tábìlì, ṣé gbogbo wọn ló ní E33G?

Agbẹjọ́rò Aláìníwíìgì: Ọjọ́ gbogbo ni tolè, àbúrò. Mi ò sọ pé wọ́n máa wá yọ ẹ́ nínú ilé kọfí. Ẹni tí wọ́n tètè ń rí mú ni èyí tó ń ya fọ́tò fún hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ torí kí wọ́n lè fún un ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí tó ń kọ́ èèyàn ní yoga, tó wá ń sọ pé òun ò gba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ niyẹn náà lójú wọn, wọ́n á dá ẹ padà sílé. Ti Ọmọ Ìjẹ̀bú ò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í pé kí ló wá ṣe, irọ́ ló máa pa yẹn, èmi ò lè ní kéèyàn lọ máa purọ́ níwájú imigiréṣọ̀n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds: Ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ wo E33G yẹn báyìí. $60,000 lọ́dún ni wọ́n ní owó oṣù èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́. £38,000 lèmi ń gbà, kò dé ibẹ̀ rárá.

Bọ̀dá Lápútọ́ọ̀pù: 😂😂 ẹ ṣeun o, lọ́yà

Bàbá Ọlá: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọdún tó kọjá báálù mi balẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, mo wá ní ọjọ́ yẹn ò kà, ṣebí ó ti tán. Àṣé odindi ọjọ́ kan ni wọ́n kà á! Ọjọ́ tí mo ń padà bọ̀ ni wọ́n sọ pé mo ti fi ọjọ́ kan kọjá, rupiah 1,000,000 ni ìtanràn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo san án níbẹ̀ báálù ń dúró dè mí ìyàwó ń wò mí bí òmùgọ̀. Ẹ̀bi mi ni. Tí ọjọ́ téèyàn fi kọjá bá wá ju 60 lọ, owó ò ràn án mọ́, lílé ni. Nǹkan míì tún ni Nyepi, ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀sìn wọn ní Bali, inú March ló sábà máa ń bọ́ sí, odindi wákàtí 24 tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jáde, ẹ́pọ́ọ̀tù Bali gan-an á tì pa. Má jẹ́ kí físà ẹ parí lọ́jọ́ yẹn o.

Ewé Tútù Ìbàdàn: Ìjà ọlọ́rọ̀ lẹ̀ ń jà yìí o. Àwa tá a mú pasipọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání, a ò sí lára àwọn tó ń gba físà ní ẹ́pọ́ọ̀tù wọn. Calling visa ni wọ́n máa ń pe tiwa, ẹnì kan ní Indonesia gbọ́dọ̀ dúró fún ẹ, wọ́n á wá gbé ọ̀rọ̀ ẹ yẹ̀ wò ní Jakarta. Kí ni ká ṣe?

Ìyá Ìbejì Peckham: Lọ Seychelles, ọmọ mi. Wọn kì í bèèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, oṣù mẹ́ta ni, o sì lè máa fi kún un títí di ọdún kan.

Agbẹjọ́rò Aláìníwíìgì: Ìwé àṣẹ ìrìnàjò wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì o, Màmá, tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kò ní wọ báálù. Barbados náà ò gba físà lọ́wọ́ wa, àmọ́ láti Èkó, London tàbí Amẹ́ríkà lọ̀nà sábà máa ń gbà, àwọn yẹn á sì fẹ́ rí físà kóo tó gba ilẹ̀ wọn kọjá.

Ewé Tútù Ìbàdàn: Físà torí kí n lè lọ síbi tí wọn ò ti gba físà. Mo ti gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds: Ó dáa, mo ti pinnu. Màá gba C1, màá sì bẹ ọ̀gá mi kó fún mi ní líìfù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tó bá ku èyí tó kù, Ọlọ́run á ṣe é.

Agbẹjọ́rò Aláìníwíìgì: Èyí tó kù yẹn ni mò ń sọ látàárọ̀.

Ìyá Ìbejì Peckham: Fi í sílẹ̀ jàre. Ọmọ mi, tóo bá fẹ́ fi ọjọ́ kún un, má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la, ìwọ fúnra ẹ lo máa lọ ya fọ́tò ní ọ́fíìsì wọn. Pasipọ́ọ̀tù ẹ ńkọ́, ó ṣì ní oṣù mẹ́fà lórí lọ́jọ́ tóo bá máa débẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds: Ẹ jẹ́ n wò ó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds: Yéè. May ló máa parí.