Gbogbo Aṣọ Kọ́ Ni À Ń Sá Sóòrùn

Àwọn àgbà ní gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá sóòrùn, ẹni tí ó bá sì ti fọ aṣọ rí mọ èyí tí í gbẹ sí inú yàrá. Ní oṣù tó kọjá, orí Facebook ni mo ti mọ̀ pé ìyá àbúrò mi kan wà ní ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Àwòrán tí àbúrò mi náà gbé síbẹ̀ ni mo rí: ìyá lórí ibùsùn, oorun ti gbé e lọ, ó la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ti fa omi sí i lára, ọ̀já ilé ìwòsàn sì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, mo sì ka orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ ketekete. Nígbà tí mo pe àbúrò mi, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mo fi hàn." Ọ̀rẹ́ 1,400! Èmi tí mo dàgbà tó yìí, n kò tíì rí mẹ́wàá tí mo lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn.

Kì í ṣe pé ọmọ náà gọ̀. Ọ̀rọ̀ ara ẹni a máa dùn lẹ́nu ni. Ní ọdún 2012, Diana Tamir àti Jason Mitchell ti Yunifásítì Harvard fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn ènìyàn bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara wọn, wọ́n sì rí i pé apá ibi tí ó máa ń tají bí a bá rí oúnjẹ tàbí owó gbà ni ó ń tají nígbà náà pẹ̀lú. Kódà, àwọn ènìyàn ń fi owó díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n ṣáà lè ráyè sọ ti ara wọn. John Suler, onímọ̀ nípa ìṣesí ènìyàn, ti kọ ọ́ ní 2004 pé àìrí ojú ara wa wà lára ohun tí í tú wa lẹ́nu lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa náà kúkú ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀kùn tì, fóònù nìkan ni ó ń wo ènìyàn, ó wá rò pé òun nìkan ni.

Ẹ ó ní kọ́kọ́rọ́ wà, pé ẹ lè yan ẹni tí yóò rí i. Kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ni ó ń tàn yín. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Laura Brandimarte, Alessandro Acquisti àti George Loewenstein, fi hàn ní 2013 pé bí ọwọ́ ènìyàn bá ṣe ń ká ohun tí ó ń gbé jáde sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó túbọ̀ ń tú àṣírí, títí kan èyí tí ó lè kó o sí wàhálà. Bí ẹyọ ẹnì kan nínú 1,400 bá sì ti ya ojú fóònù rẹ̀ ní fọ́tò, kọ́kọ́rọ́ ti di irin lásán.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní 2016, àwọn olè kó ohun ọ̀ṣọ́ Kim Kardashian, ìlúmọ̀ọ́ká obìnrin ará Amẹ́ríkà, lọ ní Paris, ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún ọlọ́pàá pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ti rí ohun ọ̀ṣọ́ náà àti ìgbà tí ó ń bọ̀. Ẹ ó ní gbajúmọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, tí ẹ ń dáhùn eré "sọ orúkọ olùkọ́ rẹ àkọ́kọ́, sọ orúkọ ajá tí o kọ́kọ́ sìn" tayọ̀tayọ̀, bẹ́ẹ̀ irú ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi ẹni tí ó bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù rẹ̀?

Ti ara yín ṣì kéré. Ta ni ó fún yín ní àṣẹ lórí àṣírí ẹlòmíràn? Ẹ gbé ìkókó síta pẹ̀lú orúkọ àti wákàtí tí a bí i. Ẹ gbé ìjà tọkọtaya síta lóru, ẹ pa á rẹ́ láàárọ̀, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n ti kà á yóò pa á rẹ́ kúrò nínú orí wọn! Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sùn mọ́júmọ́ ná. Kí ẹ sì bi ẹni tí ó ni ojú tí ẹ ń yà léèrè bóyá ó fẹ́. Bí oorun tàbí ọjọ́ orí kò bá jẹ́ kí ó lè dáhùn, ó ti kọ̀ nìyẹn.

Àbúrò mi yọ àwòrán náà kúrò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìyá ti padà sílé báyìí. Aládùúgbò kan tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i kú ewu, ó ní nígbà tí òun rí i tí ó la ẹnu sílẹ̀ lọ́jọ́sí, ẹ̀rù ba òun. Ìyá bi í pé níbo ni ó ti rí òun. Ọmọ ń wo ilẹ̀.