Adágún Inú Dígí

Ẹ kú oríire, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Ẹnu Ọ̀nà Ọ̀run tẹ́ ẹ sì padà wálé láàyè. Àbúrò mi kan àti ọkọ rẹ̀ tuntun náà ti débẹ̀. N kò tíì fọnu tán láàárọ̀ tí fọ́tò fi wọlé: géètì òkúta gàgàrà tó là sí méjì, ìyàwó fò sókè láàárín rẹ̀, adágún omi tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò sí adágún níbẹ̀ o. Géètì tẹ́ḿpìlì Lempuyang ni wọ́n ń pè ní Ẹnu Ọ̀nà Ọ̀run, ní Bali, erékùṣù kan ní Indonéṣíà. Ilẹ̀ gbígbẹ ló wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń yà wọ́n ní fọ́tò ló fi dígí pẹlẹbẹ sábẹ́ ojú fóònù. Dígí! Irú èyí tí ìyá mi fi ń wo gèlè. Ọgbọ́n yìí wù mí, mo fẹ́ kọ́ ọ. Ṣebí owó omi táńkà ni mò ń san lóṣooṣù? N ó ra dígí kan sídìí kànga. N ó ra èkejì sínú ìkòkò ọbẹ̀, kí ẹran kan ṣoṣo lè di méjì. Bí onílé bá sì wá gba owó ilé, ìdajì ni n ó kà sílẹ̀, n ó fi dígí sábẹ́ rẹ̀, kí ó ya fọ́tò rẹ̀ máa lọ.

Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi jókòó de nọ́ńbà wọn. Ó kàn wọ́n, wọ́n fò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó parí.

Èmi náà ti ṣe é rí. Lọ́mọdé, nílé fọ́tò àdúgbò wa, aṣọ tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí ni mo dúró tì, mo gbẹ́sẹ̀ kan síwájú bí ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọ̀dà ni, èmi fúnra mi mọ̀.

Géètì tiwọn yìí kì í ṣe aṣọ fọ́tò. Àwọn ará Bali kì í kọ́lé bí ẹni ń sọ òkò. Ìhà ibi tí òkè ńlá wà, tí wọ́n ń pè ní kaja, ni wọ́n kà sí mímọ́. Ibẹ̀ ni ojúbọ ìdílé ń wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé orí sí bí wọ́n bá sùn. Ìhà òkun, kelod, ni ti ilé ìdáná àti ẹlẹ́dẹ̀. Undagi, ọ̀gá kọ́lékọ́lé wọn, a máa fi apá àti ẹsẹ̀ baálé wọn ilé, kí ilé lè bá onílé mu. (Bíríkìlà tó kọ́ yàrá tèmi, n kò mọ ara ẹni tó fi wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀dì mi ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fura sí adìyẹ.) Bí wọ́n bá kọ́lé tán, wọn a ṣe ètùtù melaspas, kí ilé náà lè ní ẹ̀mí.

Ibi tí ènìyàn ti ń ṣe gbogbo èyí lẹ ti ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò tijú? Géètì ìsàlẹ̀ lásán lẹ dé. Láti ibẹ̀, àtẹ̀gùn bí 1,700 ló kù kí ẹ tó dé tẹ́ḿpìlì tó wà lókè pátápátá. Àwọn ará Bali ń gbé ẹrù ẹbọ sórí gùn ún. Ẹ̀yin ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí.

Láàárín géètì yẹn gan-an, bí kùrukùrù bá ká, Gunung Agung ló ń yọ, òkè tó ga ju 3,000 mítà lọ, tó bú gbàmù lọ́dún 1963, tí gbogbo erékùṣù kà sí ibùjókòó àwọn òrìṣà wọn.

Mo pe àbúrò mi. Mo ní, "Òkè ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn ńkọ́?"

"Òkè wo, ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ jọ̀ọ́, omi yẹn ni kẹ́ ẹ wò."