Iná kì í pa oró inú ìrẹsì àná

Ẹnìkan tún sọ ọ́ létí mi lọ́sẹ̀ yìí, nílé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Ìwòròkò: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé e kaná, ó ti hó dáadáa. Kòkòrò wo ló kù níbẹ̀?" Ìrẹsì tó sè lálẹ́ àná ni, tó dé mọ́nú ìkòkò di àárọ̀. Iyán ni wọ́n mọ Èkìtì mọ́, àmọ́ ìrẹsì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rí sè, ọ̀rọ̀ yìí sì ti sú mi.

Lóòótọ́, omi híhó ń pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n oró tí kòkòrò ti tu sílẹ̀ ńkọ́? Kòkòrò àìfojúrí tó ń bá ìrẹsì wá láti oko, Bacillus cereus, máa ń ká ara rẹ̀ sínú èèpo líle kan tí híhó ìrẹsì kì í ràn. Bí ìrẹsì bá wá ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ìkòkò, á jí, á máa pọ̀ sí i, á sì máa tu oró sínú oúnjẹ. Wọ́n ti fi oró yìí sínú ooru ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 90, kò bàjẹ́. Omi tó ń hó nínú ìkòkò yín, 100 péré ni! Ẹni tó gbé e kaná pa ejò lẹ́yìn tó ti buni ṣán ni. Bákan náà ni oró Staphylococcus, kòkòrò àìfojúrí mìíràn tó ń ti imú àti egbò ọwọ́ bọ́ sínú oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo ọṣẹ kí ẹ tó bu oúnjẹ.

Mo ti di orí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá mú nígbà tó ń bì. Ìrẹsì àríyá tó sùn nínú kúlà ni, ó sì gbé e kaná títí ìsàlẹ̀ fi jó. Kò rùn, kò kan. Èmi alára gbóòórùn rẹ̀. Ọjọ́ ò tíì lọ jìnnà tí èébì fi dé, ó bì títí ó fi kan omi òróòro.

Wọ́n á ní àwọn ìyá wa ń gbé ọbẹ̀ kaná lójoojúmọ́. Ọbẹ̀ tó ń hó láàárọ̀, tó ń hó lálẹ́, kì í ráyè sùn bí ìrẹsì yín. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo ìrẹsì àná ló ń ṣeni ní jàǹbá.

Ẹ tẹ́ èyí tó kù sínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Bí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ sè ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán, tàbí kí ẹ pe ará yàrá kejì wá jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná.